Ìwé Ẹ̀rí tí Pírínsípà Béèrè

Iṣẹ́ ìdìwé ni Sàídì ń ṣe ní Bẹẹrẹ. Lọ́dọọdún, bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga bá ti ń parí, wọ́n á kó iṣẹ́ ìwádìí wọn wá sí ìsọ̀ rẹ̀. Á rán an, á lẹ páálí mọ́ ọn, á fi lẹ́tà aláwọ̀ wúrà tẹ orúkọ wọn sára rẹ̀. Ó ti dì ju ẹgbẹ̀rún mẹ́rin lọ. Òun fúnra rẹ̀ kò parí ilé-ìwé girama.

Ó ku ọdún kan kó parí ni rọpárọsẹ̀ kọ lu Gàníyù bàbá rẹ̀. Apá ọ̀tún lọ, ẹsẹ̀ ọ̀tún lọ. Sàídì ni àkọ́bí. Wọ́n ní kó bá wọn ṣí ìsọ̀ bàbá rẹ̀ fún táàmù kan péré, kí bàbá fi gbádùn. Bàbá kò gbádùn, kò sì kú. Ọdún mọ́kànlá kọjá. Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ ilé-ìwé mọ́ ní agbo ilé wọn ní Bẹ́yẹrúnkà.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2014, Ìrètíolúwa mú iṣẹ́ tirẹ̀ wá. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni, ó ń parí dìgírì nínú iṣẹ́ olùkọ́. Ọmọ Pírínsípà Adégòkè ti Òkè Padre ni. Bàbá náà ti fẹ̀yìntì, ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò ṣì ń pè é ní Pírínsípà. Ìyàwó rẹ̀ náà ń pè é bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta tó padà wá, ìwé náà ṣì wà lórí tábìlì láìdì.

"Ẹ ò tíì dì í?"

"Mo ń kà á ni."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ kà á? Dídì la ní kẹ́ ẹ dì í."

"Ẹ má bínú. Àkọlé rẹ̀ ló mú mi. Ẹ ní ẹ fẹ́ mọ àwọn ohun tó ń jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ parí ẹ̀kọ́ tàbí kó má parí rẹ̀. Mo wá wò ó bóyá ẹ rí èyí tó mú èmi."

"Ṣé ẹ rí i níbẹ̀?"

"Rárá o. Igba èèyàn lẹ bi léèrè. Gbogbo wọn pátá, inú kíláàsì lẹ ti bá wọn. Ẹni tó wà nílé-ìwé lẹ ń bi ní ìdí tí èèyàn fi ń kúrò níbẹ̀."

Ọ̀jọ̀gbọ́n tó bójú tó iṣẹ́ náà kò sọ bẹ́ẹ̀ fún Ìrètí. Ó fa bẹ́ńṣì sọ́dọ̀, ó jókòó.

"Kí ló mú ẹ̀yin?"

"Mi ò ya olódo, wọn ò sì lé mi. Bàbá mi ló ṣubú. Nígbà tí táàmù kan pé, mo padà lọ. Wọ́n ní orúkọ mi ò sí nínú ìwé mọ́. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ padà. Wọ́n ní àfi kí bàbá mi wá. Bàbá mi ò lè rìn. Ìyá mi ń pàtẹ ìlẹ̀kẹ̀ ní Ọjà'ba, wọn ò mọ ohun tí wọ́n máa bá olùkọ́ sọ. Bó ṣe parí nìyẹn."

"Torí pé ẹnì kan ò tẹ̀lé yín lọ?"

"Torí pé ẹnì kan ò tẹ̀lé mi lọ. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀."

Ìrètí kó ìwé náà lọ láìdì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ó padà pẹ̀lú ojú ìwé méje tó fi kún un. Sàídì wá ara rẹ̀ níbẹ̀, ó rí i: Ọ̀gbẹ́ni A, ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, oníṣẹ́ ọwọ́.

"Èmi rèé," ó ní. "Ọ̀gbẹ́ni A."

"Ẹ̀yin ni. Ṣé orúkọ náà bá yín lára mu?"

"Ó dáa ju èyí tí wọ́n pa rẹ́ lọ."

Ìrètí rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, ìyẹn ló ń pè é.

Ó rí iṣẹ́ olùkọ́ sí ilé-ìwé kan lápá Òkè Àdó. Bẹẹrẹ kò sí lójú ọ̀nà ilé rẹ̀, síbẹ̀ Bẹẹrẹ ló ń gbà lójoojúmọ́. Olúwatóyìn, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń kọ́ni, bá a wí.

"Ọ̀kadà méjì lò ń wọ̀ lọ sílé báyìí. Ta lò ń wá ní Bẹẹrẹ?"

"Mo fẹ́ dìwé ni."

"Ìwé wo? O ti gboyè, ìwọ obìnrin yìí. Àfi tó bá jẹ́ ìwọ fúnra ẹ ni wọ́n fẹ́ dì."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀, Ìrètí gbàgbé "ẹ", ó sọ pé "o". Sàídì gbọ́ ọ. Ó tún páálí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ gé, páálí tó ti gé tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ Ìrètí ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

"Kó àwọn èèyàn ẹ wá sílé wa."

"Bàbá ẹ á béèrè ibi tí mo kàwé dé."

"Wọ́n á béèrè."

"Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Alhaji ni. Kì í ṣe ẹ̀sìn ni wọ́n ń wò nílé wa."

Sàídì mọ ohun tí wọ́n ń wò. Ó ronú sí i fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Síbẹ̀, ó gbà láti lọ.

Níbi mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, ìdílé ọkọ a máa mú lẹ́tà ìtọrọ wá, èdè Òyìnbó ni wọ́n sì sábà ń fi kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ló ń wá akọ̀wé tó máa bá wọn kọ ọ́. Sàídì ní òun fúnra òun lòun máa kọ tòun. Ó kọ ọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin. Ó wá dì í. Ó fi aṣọ pupa rúsúrúsú bo páálí rẹ̀, ó tẹ orúkọ Ìrètíolúwa sí i lára ní wúrà. Kò tíì di èyí tó dára tó o rí. Kò fi í han ẹnì kankan.

Àtọ́kẹ́ ìyá rẹ̀ ló ṣáájú àwọn ará ilé lọ sí Òkè Padre. Wọ́n gbé iṣu àti èso dání. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n kí ilé. Ọmọ kékeré kan nínú ìdílé ìyàwó ló yẹ kó ka lẹ́tà náà. Clara, ìyá Ìrètí, ti ń wòye ẹni tí òun máa pè.

"Ẹ gbé e wá fún mi," Pírínsípà ní.

Ó ṣí i. Ó ki ọwọ́ bọ àpò àyà rẹ̀, ó fa bírò pupa yọ. Ọdún márùndínlógójì ló fi ṣe olùkọ́. Bóyá kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ti fà á yọ. Ó fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan. Ó fa òmíràn. Èèyàn mọ́kànlá ló wà ní yàrá àlejò, gbogbo wọn ń gbọ́ ìró bírò náà lórí ìwé.

Nígbà tó parí, ó kọ máàkì sókè, ó yí i ká.

"Èèpo rẹ̀ dára," ó ní. "Inú rẹ̀, mẹ́rin nínú mẹ́wàá."

Àbúrò Gàníyù kan rò pé àwàdà ni, ó rẹ́rìn-ín. Òun nìkan ló rín in.

"Ta ló kọ ọ́?"

"Èmi ni, sà."

"O parí girama?"

"Rárá, sà. Ó ku ọdún kan."

"Ẹni tó lè fi ọdún kan ṣoṣo sílẹ̀ láìparí, kí ni kò ní fi sílẹ̀?"

Àtọ́kẹ́ gba ọ̀rọ̀ náà. "Ẹ forí jì í, sà. Bàbá rẹ̀ ló dùbúlẹ̀ àìsàn. Àwa la ní kó dúró."

"Mo gbọ́, ìyá. Gbogbo ẹni tó dúró ló ní ẹni tó ní kó dúró." Ó na lẹ́tà náà sí Sàídì. "Lọ parí ohun tó o bẹ̀rẹ̀. Tó o bá parí rẹ̀, kí ẹ padà wá. Ẹ gbé iṣu yín."

Ìrètí wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Clara sin wọ́n dé ìta. Ohùn rẹ̀ dùn. "Ìyá Sàídì, ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Ọmọ yín níwà. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò, mà. Ìwé tí ọmọ yín ń dì, ọmọ tiwa ló ń kọ ọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," Àtọ́kẹ́ ní. "Tí tèmi ò bá sì dì í, afẹ́fẹ́ á kó o lọ."

Ó gbé iṣu lérí, ó sọ̀ kalẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì Ìrètí wá sí ìsọ̀. Ojú rẹ̀ wú.

"Jẹ́ ká lọ sí Mápó, ká forúkọ sílẹ̀ lọ́fíìsì ìgbéyàwó. Mo ti dàgbà. Bó o ṣe wà yìí tó mi."

Lẹ́tà náà wà níwájú Sàídì. Ó ti fi pẹ́ńsù kọ nǹkan sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo ìlà pupa.

"Mo ti wò ó," ó ní. "Gbogbo ibi tí wọ́n fà ló yẹ kí wọ́n fà."

"Sàídì, mò ń sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó."

"Mo gbọ́. Mi ò ní jí ọ gbé. Mo fẹ́ kí bàbá ẹ fọwọ́ ara wọn fà ọ́ lé mi lọ́wọ́."

Inú Ìrètí dùn sí ọ̀rọ̀ náà. Ó rò pé ìfẹ́ ni gbogbo rẹ̀.

Òun ló kọ́ ọ ní ìṣirò. Lẹ́yìn iṣẹ́, á jókòó sórí bẹ́ńṣì, á gbé iṣẹ́ fún un, Sàídì á máa fi ọwọ́ kan rán ìwé, á máa fi ìkejì ṣírò. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tó wọ gbọ̀ngàn ìdánwò wáẹ̀kì, àwọn ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún dìde kí i.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ṣé ẹ̀yin lẹ máa ṣọ́ wa?"

"Èmi náà fẹ́ ṣe é ni."

Wọ́n wo ara wọn. Ọ̀kan ní, "Ẹ jókòó lẹ́yìn mi, Dádì."

Ọdún 2015, ìṣirò já a kulẹ̀. Ọdún 2016, ó yege nínú gbogbo rẹ̀. Kò mú èsì náà lọ fún Ìrètí lákọ̀ọ́kọ́. Òkè Padre ló gbé e gbà, tààrà sọ́dọ̀ Pírínsípà.

Pírínsípà wo ojú èsì náà, ó yí i wò lẹ́yìn.

"Ó dára. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ti ní dìgírì. Ṣé ẹni girama ló máa fẹ́ ẹni dìgírì?"

"Ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ nígbà náà, sà."

"Nígbà náà, mi ò mọ̀ pé o lè ṣe é."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Sàídì lára. Láti ọdún mẹ́tàlá, kò sí àgbàlagbà kan tó sọ fún un pé ó lè ṣe nǹkan kan ju pé kó tètè ṣí ìsọ̀ lọ. Ó yẹ kó bínú. Ó wá ìbínú náà nínú ara rẹ̀, kò rí i.

"Máa bọ̀ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀," Pírínsípà ní. "Èdè Òyìnbó rẹ ṣì wọ́."

Bẹ́ẹ̀ ni Ọjọ́bọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn àdúrà ìrọ̀lẹ́ rẹ̀, Sàídì á gun òkè lọ. Pírínsípà á jókòó sí ìdí tábìlì, Sàídì á jókòó níwájú rẹ̀. Ìrètí á gbé omi wá, á sì bá wọn jókòó. Lákọ̀ọ́kọ́, gbogbo ìgbà tí bàbá bá yíjú, Sàídì á wo Ìrètí. Ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní ọdún 2017. Nígbà tó fi máa di ọdún kejì, tó bá ń gun òkè bọ̀, ohun tó máa bá Pírínsípà sọ ló máa ń tò sílẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò ṣàkíyèsí. Ìrètí ṣàkíyèsí.

"Ọ̀gbẹ́ni A," ó ní lọ́jọ́ kan lẹ́nu ọ̀nà, "o ò bá mi sọ̀rọ̀ lónìí."

"Mo kí ọ."

"O kí mi. O kí ajá wa náà."

"Ìrètí, ìwọ ni mò ń ṣe é fún."

Ìrètí gbà á gbọ́. Tàbí ó fẹ́ gbà á gbọ́. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni nígbà náà. Olùkọ́ kan nílé-ìwé wọn, Japheth, wá bá a pé òun fẹ́ ẹ. Ó ní òun ti lẹ́ni. Japheth fẹ́ ẹlòmíràn láàárín ọdún kan. Clara kò dárí ji ọmọ rẹ̀.

"Ẹni tó ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ lo lé lọ, tí o ń dúró de ẹni tó ń kọ́ ìrìn."

"Ẹ̀yin lẹ ní kó lọ kọ́ ọ, mà."

"Pírínsípà ló ní kó lọ kọ́ ọ. Èmi ní kó lọ ni."

Ọdún mẹ́rin tó yẹ kó fi kàwé di méje. Àrùn Kòrónà wá, àwọn olùkọ́ yunifásítì sì da iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n wọlé, wọ́n tún dà á sílẹ̀ ní 2022, oṣù mẹ́jọ. Nínú àwọn tí wọ́n jọ wọlé, ọ̀pọ̀ kò padà. Obìnrin kan bímọ méjì, ó dúró. Ọkùnrin kan gba òkè òkun lọ. Ẹlòmíì ń gun ọ̀kadà ní Ọjà'ba, ó ní òun ń bọ̀, kò wá mọ́. Sàídì ń padà. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ ẹnì kan wà tó ń bi í pé, "Ibo lo bá a dé?"

Gàníyù ń wò ó láti orí ẹní. Ẹnu rẹ̀ ti wọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò wọ́.

"Ọkùnrin yẹn ò bí ọkùnrin, àbí?"

"Rárá, bàbá."

"Ó ti bí i báyìí. Tèmi ló mú."

Gàníyù kú ní 2021, ọjọ́ Sátidé. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà. Pírínsípà wá, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n kún un tán, ó fa Sàídì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìdánwò rẹ ńkọ́?"

"Ọ̀túnla ni, sà."

"Wàá lọ?"

"Màá lọ, sà."

Àtọ́kẹ́ gbọ́ wọn. Ó wo ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀ títí. Ní ọjọ́ kejì ìsìnkú, nígbà tí àwọn àlùfáà ń ka Kùránì lọ́wọ́ nínú ilé, Sàídì wà nínú yàrá pẹ̀lú ìwé.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ tún ṣí, Ìrètí wá sí ìsọ̀. Kò jókòó.

"Mo ti forúkọ wa sílẹ̀ ní Mápó. Ọjọ́ mọ́kànlélógún ti pé. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Tóyìn máa jẹ́rìí fún mi. Mo ti bá ìyá ẹ sọ̀rọ̀, wọ́n á jẹ́rìí fún ọ."

"Bàbá ẹ mọ̀?"

"Wọn ò mọ̀. Sàídì, ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mí. Mi ò fẹ́ kó o parí kó o tó fẹ́ mi. Fẹ́ mi, kó o wá parí. Ṣé wàá wá?"

"Màá wá."

"Fi Ọlọ́run búra."

"Wàláhì, màá wá."

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ náà, ó ti wọ aṣọ funfun. Fóònù dún. Ọmọ kíláàsì wọn kan ní kó tètè máa bọ̀: wọ́n ti lẹ orúkọ àwọn tó wà ní ọdún àṣekágbá mọ́ ògiri, tirẹ̀ kò sí níbẹ̀. Aago méjì ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n máa pa á dé.

Sàídì dúró lójú kan. Kò pe Ìrètí. Pírínsípà ló pè.

"Dúró sí ìsàlẹ̀ òkè," ohùn náà ní. "Mò ń wọ bàtà mi."

Lórí òkè Mápó, Ìrètí dúró láti aago mẹ́sàn-án. Ó wọ léèsì tó ti rà láti ọdún 2015. Tóyìn wà níbẹ̀. Àtọ́kẹ́ wà níbẹ̀, ó so ìlẹ̀kẹ̀ tó dára jù nínú ìsọ̀ rẹ̀ mọ́ ọrùn, ó sì mú òmíràn dání fún ìyàwó. Òrùlé páànù Ọjà'ba tẹ́ rẹrẹ nísàlẹ̀ wọn. Aago mẹ́wàá, ọ̀rọ̀ kan wọlé sórí fóònù: Mò ń bọ̀.

"Ó ń bọ̀ láti ibo?" Tóyìn ní. "Láti Mẹ́kà?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Tọkọtaya mẹ́rin wọlé, wọ́n jáde. Aago kan ku díẹ̀, akọ̀wé yọjú, ó ní ṣé ọkọ ti dé. Aago méjì, ó pa ìwé rẹ̀ dé, ó ní kí wọ́n padà wá lọ́jọ́ mìíràn.

Àtọ́kẹ́ tú ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ara rẹ̀. Ó di Ìrètí lọ́wọ́ mú bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀.

"Èmi ni mo bí i. Èmi ni mò ń sọ fún ọ. Lọ fẹ́ ẹlòmíràn, ọmọ mi."

"Nǹkan ló dá a dúró, mà."

"Nǹkan ló máa ń dá a dúró."

Láti Mápó, ilé-ìwé tó ti ń kọ́ni ni Ìrètí padà sí. Aago mẹ́rin kọjá kí Sàídì tó bá a níbẹ̀. Ó sáré dé ni, òógùn bò ó, ojú rẹ̀ ń dán. Ìrètí kò tíì rí i kí ojú rẹ̀ dán bẹ́ẹ̀ rí.

"Wọ́n ti kọ orúkọ mi padà! Bàbá ẹ tẹ̀lé mi lọ. Wọ́n dúró níwájú ọ̀gá náà fún wákàtí mẹ́ta, wọ́n ní àwọn ò ní kúrò níbẹ̀. Wọ́n ní, 'Ọmọ mi ni.' Ìrètí, wọ́n pè mí bẹ́ẹ̀! Kò sẹ́ni tó ṣe irú ẹ̀ fún mi rí láyé mi."

"Ó dára," Ìrètí ní.

"Má bínú nítorí Mápó. Mápó ò ní sá lọ. Orí òkè ló wà."

Ìrètí wo aṣọ funfun tó wọ̀. Ó nu eruku kan kúrò ní èjìká rẹ̀.

"Lọ parí ẹ," ó ní.

Sàídì rò pé ó ti dárí ji òun. Láti ọjọ́ náà, kò tún pè é ní Ọ̀gbẹ́ni A mọ́. Sàídì kò béèrè ìdí.

Ó parí ní 2024. Máàkì rẹ̀ dára, ìpele kejì apá òkè ló gbà. Ó ní kí ìyá òun múra kí wọ́n jọ lọ sí Òkè Padre.

"Mo ti gbé iṣu gun òkè yẹn lẹ́ẹ̀kan," Àtọ́kẹ́ ní. "Orí mi ò gbà á mọ́. Máa lọ."

Ó dá lọ, ọjọ́ Sátidé, ní ọ̀sán. Pírínsípà gba ìwé náà. Ó kà á láti òkè délẹ̀, láìfa nǹkan kan yọ nínú àpò. Ó bọ awò ojú rẹ̀. Ó dìde, ó bọ Sàídì lọ́wọ́, kò sì tètè fi ọwọ́ náà sílẹ̀.

"Clara! Ẹ bá mi pe Ìrètí."

Ìrètí jáde wá. Báàgì kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Oṣù tó kọjá ni lẹ́tà ti dé pé wọ́n gbé e lọ sí ilé-ìwé kan ní Ṣakí, pé kó lọ ṣe igbákejì ọ̀gá. Ilé gbogbo ló mọ̀. Sàídì kò mọ̀. Kò bá a sọ̀rọ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó ń dúró de ìwé ẹ̀rí.

"Gbé báàgì yẹn sílẹ̀," Pírínsípà ní. "Ọkùnrin yìí ti ṣe gbogbo ohun tí mo ní kó ṣe." Ó mú ọwọ́ ọmọ rẹ̀, ó fẹ́ gbé e lé ọwọ́ Sàídì. "Mo fà á lé ọ lọ́wọ́."

Ìrètí rọra gba ọwọ́ rẹ̀ padà.

"Ẹ ṣeun, sà. Ẹ ò nílò èmi mọ́."

"Kí lo sọ?"

"Ẹ̀yin méjèèjì lẹ fẹ́ ara yín, sà. Ọdún mẹ́wàá. Gbogbo Ọjọ́bọ̀. Èmi ni alárinà."

Sàídì la ẹnu. "Ìrètí, ìwọ ni mo ṣe é fún."

"Mo bẹ̀ ọ́ kó o má ṣe é. Mo bẹ̀ ọ́ ní ìsọ̀, mo tún dúró dè ọ́ ní Mápó. Máàkì bàbá mi lò ń wá, Sàídì. O ti gbà á. Ó yẹ ọ́. Mi ò fi bínú."

"Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n!" Clara pariwo. "Ta lo tún rò pé o máa rí?"

"Mi ò wá ẹnì kankan, mà. Iṣẹ́ ni mò ń lọ ṣe."

Ó kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀. Nígbà tó dé iwájú Sàídì, kò kúnlẹ̀, kò sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí èèyàn ṣe ń gba ẹ̀gbẹ́ àga kọjá. Wọ́n gbọ́ ọ tó ń pe ọ̀kadà. Wọ́n gbọ́ ọ̀kadà náà tó ń sọ̀ kalẹ̀, títí wọn ò fi gbọ́ ọ mọ́.

Sàídì ṣì wà lórí ìdúró. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kọjú sí ilẹ̀kùn. Tó bá sáré, á bá a níbùdókọ̀. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Jókòó," Pírínsípà ní.

Ó jókòó.

"Clara, ẹ bu oúnjẹ fún un."

Clara bu oúnjẹ, ó gbé e ka iwájú wọn, ó wọ yàrá lọ, ó ti ilẹ̀kùn. Àwọn méjèèjì jẹun. Pírínsípà ya ẹran sí méjì, ó fi èyí tó tóbi sínú àwo Sàídì.

"Fọ́ọ̀mù másítàsì ti jáde," ó ní.

Sàídì gbé ẹran náà mì.

"Ìgbà wo ni wọ́n máa pa á dé, sà?"